ÀWÒRÁN TÍTẸ̀ NÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́: ÌTÀN IṢẸ́ KÉKERÉ KAN TÍ KÒ YẸ KÍ A JẸ́ KÍ Ó KÚ

Nígbà tí a ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ọdọọdún wa yìí nípa ìtàn ẹ̀kọ́ ní Adó àti agbègbè rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi rò pé ìtàn Christ's School, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1933, ni n óò tún kọ, tàbí ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí Èkìtì fi ń yangàn. Ìtàn wọ̀nyí dára, a sì ti gbọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ọmọdé ni mí, ohun tí ojú mi rí ní kíláàsì ni ó sì mú mi yan ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ènìyàn kò kà sí: bí a ti ń kọ́ ọmọdé láti fi ohun tí ara rẹ̀ kò dán tẹ àwòrán sórí ìwé. Mo fẹ́ kí a mọ ibi tí iṣẹ́ yìí ti wá, àwọn tí ó ṣe é ṣáájú wa, àti ohun tí yóò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ bí a bá jẹ́ kí ó parun.

KÍ NI ÀWÒRÁN TÍTẸ̀?

Bí òjò bá rọ̀, tí ọmọdé sì fi ẹsẹ̀ tútù rìn lórí síméǹtì gbígbẹ, ẹ wo ipa tí ó fi sílẹ̀. Gìgísẹ̀ yóò hàn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ yóò hàn, ṣùgbọ́n kòtò àárín àtẹ́lẹsẹ̀ kò ní hàn, nítorí kò kan ilẹ̀. Òfin kan ṣoṣo tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ohun tí ó yọ sókè ni ó ń gba yíńkì, òun ni ó sì ń tẹ ìwé; ohun tí ó jìn sílẹ̀ kò gba nǹkan kan, funfun ni yóò sì jẹ́.

Òfin yìí kan náà ni àwọn ìtẹ̀wé àtijọ́ ń tẹ̀lé. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, lẹ́tà onírin tí orí rẹ̀ yọ sókè ni wọ́n ń tò jọ, tí wọ́n ń fi yíńkì pa lórí, tí wọ́n sì ń tẹ ìwé mọ́. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá gbẹ́ ànàmọ́, tí ó rì í sínú àwọ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ìbátan ni òun àti àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ èdè wa sórí ìwé ìròyìn.

Ó TI WÀ LỌ́WỌ́ WA TẸ́LẸ̀

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ pátápátá. Òótọ́ ni pé òyìnbó ni ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n títẹ ara ohun kan mọ́ ara ohun mìíràn ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Obìnrin amọ̀kòkò a máa mú igi kékeré tí a fín, tàbí okùn tí a lọ́ pọ̀, tàbí ṣùkù àgbàdo, a sì yí i lára ìkòkò nígbà tí amọ̀ rẹ̀ ṣì tútù. Ibi tí ó bá yí i gbà yóò kún fún ọnà wínníwínní. Ọnà náà ń mú ẹwà bá ìkòkò, kì í sì í jẹ́ kí ó yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ru omi.

Àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti wádìí ìtàn ti rí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ púpọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, kò sì dé ọ̀dọ̀ wa títí àwọn òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀ sí í la òkun kọjá sí ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1492. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí àpáàdì tí ipa ṣùkù àgbàdo wà lára rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé kò lè dàgbà ju ìgbà náà lọ. Ẹ wò ó bí iṣẹ́ ọwọ́ ìyá kan tí orúkọ rẹ̀ ti sọnù ṣe di ẹlẹ́rìí fún àwọn ọ̀mọ̀wé.

Àwọn bàbá wa ní tiwọn gbẹ́ igi. Nínú gbogbo Èkìtì, kò sí ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn bí ti Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí ó sì di agbẹ́gilére Arínjalẹ̀. Ó kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Láàrin ọdún 1910 sí 1914 ni ó ṣiṣẹ́ ní ààfin Ọgọ̀gà ní Ìkẹ́rẹ́, tí kò jìnnà sí wa. Ó gbẹ́ òpó, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn kan tí ó fi ìtàn bí Ọgọ̀gà ṣe gba aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lálejò hàn. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí orí àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára pákó, gbogbo ẹ̀yìn wọn sì kún fún fínfín oríṣiríṣi.

Ní ọdún 1924 a gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní London. Kò padà wálé mọ́. Ọgọ̀gà gba àga oyè kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà ní British Museum títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó Ọlọ́wẹ̀ láti ààfin kan náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. N kò kọ èyí láti dá àwọn àgbà lẹ́jọ́. Mo kọ ọ́ kí a lè ro ohun kan: ère onígi kan ṣoṣo, ibì kan ṣoṣo ni ó lè wà. Bí ó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Àwòrán tí a tẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ara pákó kan, a lè tẹ ogójì. Bí ọ̀kan bá lọ sí London, mọ́kàndínlógójì ṣì wà nílé.

BÍ Ó ṢE DÉ INÚ KÍLÁÀSÌ

Ẹni tí ó kọ́kọ́ jà kí a kọ́ ọmọ wa ní àwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́ ni Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bí ní ọdún 1882. Nígbà tí ó ti London dé ní ọdún 1922, ó ń lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ láti ya ohun tí ojú wọn rí. Ní ọdún 1927, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Kenneth Murray wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Òun ní tirẹ̀ ń sọ pé kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wọn, kí wọ́n má ṣe fi ojú kéré amọ̀, igi àti òwú. Ọ̀nà àwọn méjèèjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n láti inú iṣẹ́ wọn ni ẹ̀kọ́ ọnà ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ohun mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀. Láàrin ọdún 1860 sí 1870, Frederick Walton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òróró gbígbẹ àti èpo igi lílọ̀ sórí aṣọ ìdọ̀họ ṣe ohun tí a ń pè ní líno, tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Franz Cizek, tí ó ṣí kíláàsì àwòrán fún àwọn ọmọdé ní ìlú Vienna ní ọdún 1897, rí i pé líno rọ̀ ju igi lọ, ọwọ́ ọmọdé sì ká a láti gbẹ́. Láti ìgbà náà ni líno ti di ohun èlò ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ayé.

Ní ilẹ̀ Èkìtì tiwa, ọdún tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni 1947. Ní ọdún náà ni àwọn àlùfáà Àgùdà méjì, Kevin Carroll àti ẹnì kejì rẹ̀ O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n pe Bándélé, ọmọ Àrẹògún ará Òsì, agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kàn, pé kí ó wá gbẹ́ igi níbẹ̀ kí ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Làmídì Fákẹ́yẹ náà wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ẹni tí ó di olùkọ́ ọnà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ lẹ́yìn náà, tí ó sì kú ní ọdún 2009. Ère ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe àwòrán orí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún gbogbo olùkọ́. Àwọn àlùfáà yìí kò ní kí Bándélé fara wé ère òyìnbó. Wọ́n sọ ìtàn Bíbélì fún un, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ́ ẹ bí baba rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ọdún méje péré ni ilé iṣẹ́ náà lò. A tì í ní ọdún 1954. Síbẹ̀, àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kò dẹ́kun iṣẹ́ títí ọjọ́ ogbó.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn ọmọ sì kún ilé-ẹ̀kọ́ bí omi. Ní ọdún 1956, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Urhobo, Bruce Onobrakpeya, wá kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán ní Ondo Boys' High School kí ó tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Zaria. Láti ọdún 1963 títí di 1980 ni ó fi jẹ́ olùkọ́ ní St. Gregory's College ní Èkó. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n lónìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àwọn tí ń tẹ àwòrán ní Nàìjíríà. Òun ni ó ya àwòrán inú ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé kò sọ àwọn pákó líno tí ó ti tẹ̀ tán nù. Ó ń fi wọ́n lẹ orí pákó ńlá, ó sì ń sọ wọ́n di iṣẹ́ ọnà mìíràn. Olùkọ́ ni ó jẹ́ ní gbogbo ìgbà náà, owó oṣù olùkọ́ ni ó sì ń gbà.

Ní Òṣogbo pẹ̀lú, láàrin ọdún 1962 sí 1964, Ulli Beier àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọ̀dọ́ jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀. Denis Williams láti Guyana kọ́ wọn, lẹ́yìn rẹ̀ Georgina Beier. Àwọn kan nínú wọn, bí Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé, ń ṣe eré orí ìtàgé lọ́dọ̀ Dúró Ládípọ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n àwòrán líno tí wọ́n gbẹ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò dé rí.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ díẹ̀ nínú tèmi. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, tí ó ti di yunifásítì báyìí, ni mo ti kọ́kọ́ di ọ̀bẹ líno mú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Nínú yàrá ìkẹ́rù ibẹ̀ ni mo ti rí àpótí méjì tí ó kún fún pákó líno tí àwọn ọmọ ìgbà àtijọ́ ti gbẹ́: ẹja, àkùkọ, ọlọ́jà, òkè tí ó yí ìlú wa ká. Inú mi dùn, mo sì ń fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ.

Ní ọjọ́ kan a nílò àyè fún àga tuntun. Wọ́n kó gbogbo pákó náà síta pẹ̀lú ìdọ̀tí, wọ́n sì fi iná sun ún. Èmi wà níbẹ̀. Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, ẹ̀rù àwọn àgbà ń bà mí, n kò sì la ẹnu mi. Èéfín líno dúdú, ó sì ń rùn. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi kì í balẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé gbólóhùn kan láti ẹnu mi ì bá ti gba ìdajì wọn là.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, mo lọ kí ìyá arúgbó kan nílé rẹ̀ ní Adó níhìn-ín. Lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, lẹ́bàá fọ́tò ìgbéyàwó, mo rí àwòrán àkùkọ kan nínú férémù. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìyá náà ní, “Tíṣà, ọmọ mi tí ó wà ní ìlú òyìnbó ni ó ṣe é ní kékeré, kí n tó mọ̀ pé orí rẹ̀ pé.” Pákó rẹ̀ ti jóná, èmi ni mo rí i nínú iná. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wò mí.

Ọmọ mìíràn wà tí ó kọ́ mi ní ọgbọ́n. Kò mọ ìwé kà dáadáa, ó máa ń kọ lẹ́tà sódì, ó sì fẹ́ràn láti sá ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ tí mo ní kí gbogbo wọn gé lẹ́tà orúkọ wọn lára páálí kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, orúkọ gbogbo kíláàsì jáde sódì. Àwọn tí ó mọ ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Òun nìkan ni ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yí i padà ni.” Ó wá ń lọ láti orí ìjókòó kan sí èkejì, ó ń fi bí wọn yóò ti lẹ̀ ẹ́ hàn wọ́n. N kò sọ pé àwòrán títẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ìwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà kò sá mọ́, nígbà tí sáà yẹn sì fi parí, ó ń ka Aláwìyé.

BÍ A TI LÈ ṢE É LÓNÌÍ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé kò sí owó líno, kò sí ọ̀bẹ, ọ̀bẹ sì léwu lọ́wọ́ ọmọdé. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí a fi líno sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ńlá, kí a sì bẹ̀rẹ̀ àwọn kékeré pẹ̀lú ohun tí ó wà láyìíká wọn. Báyìí ni mo ti ń ṣe é.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú páálí kan tí ó gbòòrò bí ìwé ìkọ̀wé wá. Kí ó gé àjákù ìdọ̀họ, háhá àgbàdo, ajákù ẹní, ewé tí iṣan rẹ̀ le, okùn àti aṣọ tí ó ní ojú, kí ó tò wọ́n di ẹja tàbí ilé tàbí ènìyàn, kí ó sì fi gọ́ọ̀mù tàbí sitáàṣì gbígbóná lẹ̀ wọ́n. Kí ó má ṣe lẹ ohun tí ó ga púpọ̀ mọ́ ohun tí ó pẹlẹbẹ, nítorí ìwé kò ní kan èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó gbẹ dáadáa. Bí a bá ní fáníìṣì díẹ̀, kí a fi kùn ún lórí, kí omi inú àwọ̀ má baà jẹ páálí náà.

Lẹ́yìn náà, kí a ta àwọ̀ sórí gíláàsì tàbí páànù pẹlẹbẹ, kí a fi fóòmù kékeré tí a wé sí ara igi bù ú, kí a sì fi kan orí àwòrán náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀. Bí ó bá pọ̀ yóò kún inú kòtò, ohun gbogbo yóò sì dúdú. Kí a tẹ́ ìwé lé e, kí a fi ẹ̀yìn ṣíbí rà á káàkiri, kí a sì ká a láti igun kan. Ẹ óò rí i bí ojú ọmọ yóò ti là nígbà tí ó bá rí fọ́nrán ìdọ̀họ kọ̀ọ̀kan lórí ìwé, bí ẹni pé ó lè fi ọwọ́ kàn án.

Ìkìlọ̀ kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ pa ère àtijọ́ tàbí ilẹ̀kùn ààfin láti fi tẹ ìwé. Ó ń bà á jẹ́. Kí àwọn ọmọ wò ó, kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì lọ ṣe tiwọn.

Ẹ̀BẸ̀ MI SÍ Ẹ̀YIN ARÁ

Ẹ̀kọ́ yìí wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba, lábẹ́ iṣẹ́ ọnà àti àṣà, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ni a ń fi wákàtí rẹ̀ ṣe. Àwọn òbí kì í bínú sí i, nítorí wọ́n rò pé eré ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a tún un rò. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọnà rí, báwo ni yóò ti mọ iyì ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀? Bí a bá gbé owó díẹ̀ síwájú rẹ̀ lọ́la, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti tà á?

Ohun mẹ́ta ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí a fún àwọn ọmọ ní yàrá kan nínú gbọ̀ngàn ìlú ní ọjọ́ Sátidé méjì nínú oṣù, pẹ̀lú tábìlì gígùn àti omi. Èmi àti àwọn olùkọ́ mìíràn yóò wá láìgba owó. Èkejì, kí a máa fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwòrán tí àwọn ọmọ bá tẹ̀ sínú ìwé ọdọọdún wa yìí. Ẹ̀kẹta, kí a ra àpótí kan tí ó ní kọ́kọ́rọ́, kí a máa kó pákó wọn sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi wọ́n dáná.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí British Museum, ẹ sọ fún wọn pé Èkìtì ni ilẹ̀kùn yẹn ti wá. Ẹ̀yin ti Chicago, ẹ ṣe bákan náà pẹ̀lú òpó. Bí ẹ bá sì ń bọ̀ wálé, rólà kan àti yíńkì díẹ̀ nínú ẹrù yín yóò ṣe ogójì ọmọ láǹfààní.

Iná ti jó pákó kan lójú mi rí, mo sì dákẹ́. N kò fẹ́ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀ Èwí, kí ó sì jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọ wa mọ iṣẹ́. Ẹ kú àmọ́dún o.